Ìwé ẹ̀sìn tó ń lé oorun lójú ọmọ: ta ló yẹ kó kọ́kọ́ kà á?

ÌBÉÈRÈ, LÁTI KẸ́TU:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún mẹ́jọ. Ìyá ọkọ mi ra ìwé kan fún un lẹ́yìn ìsìn, àwòrán iná ọ̀run àpáàdì àti àjẹ́ tó ń fò lóru ló kún inú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti fẹ́ dá sùn mọ́. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ báyìí, ó di kó rọ̀ mọ́ mi lára. Bàbá rẹ̀ ní kí n fi í sílẹ̀, pé ìbẹ̀rù Olúwa ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọgbọ́n. Tíṣà rẹ̀ ní kó máa ka ìwé ìtàn lásán, kí a fi ti ẹ̀sìn sílẹ̀ títí yóò fi dàgbà. Èmi fúnra mi, àwọn ìwé ìwúrí tí mo ti rà kún orí kọ́bọ́ọ̀dù, mi ò ka ọ̀kan tán. Ṣé ìwé ẹ̀sìn tilẹ̀ ń ṣe ọmọdé lóore, àbí ẹ̀rù nìkan ló ń kó bá wọn? Kí sì ni àwa àgbà ń wá nínú rẹ̀?

* * *

Ẹ mú ìwé yẹn kúrò níwájú ọmọ lónìí, kí ẹ tó bá bàbá rẹ̀ jiyàn tán. Ẹ má dà á nù o, nítorí ìyá àgbà. Ẹ fi í sáàárín àwọn ìwé tiyín. Ọmọ tí kò sùn, ẹ̀kọ́ wo ló fẹ́ wọ̀ ọ́ létí ní kíláàsì?

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní Bàrígà, irú ọmọ báyìí ò ṣàjèjì sí mi. Wọn kì í sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn. Wọ́n á ní inú ń run àwọn, wọn ò ní fẹ́ dá wọ ilé ìyàgbẹ́, wọ́n á sì máa bèèrè bóyá ọ̀rẹ́ àwọn tí bàbá rẹ̀ ń kírun máa jóná. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló máa ń dùn mí jù. Ọmọ ọdún méje ló ń ru ẹrù tí àwọn àgbà nínú ẹ̀sìn ò tíì sọ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé.

Bàbá rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ Sólómọ́nì gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mi ò ta ko ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ṣáà ní kó ṣí ìwé Òwe láti orí kìíní, kó máa kà á bọ̀: ohùn bàbá tó jókòó ti ọmọ rẹ̀ ló máa gbọ́, tó ń pè é ní "ọmọ mi" léraléra, tó ń la ìdí ọ̀rọ̀ yé e. Ẹni tó fẹ́ràn ọmọ ló ń kọ́ ọ ní ìbẹ̀rù yẹn. Ìwé tí wọ́n já lé ọmọ lọ́wọ́ kó lọ dá kà, tí kò sí ẹni tó máa dá a lóhùn nígbà tó bá ní "kí ló dé?", ìyẹn ò jọ ohun tí Sólómọ́nì ń ṣe rárá.

Ibi tí mo dúró sí nìyí, kò sì ní yẹ̀ nínú gbogbo ohun tí mo bá kọ sísàlẹ̀: àgbà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ìwé ẹ̀sìn ọmọdé tán, kó tó wá bá ọmọ kà á sókè, kó sì fàyè gba ìbéèrè. Ìwé tí kò bá gba ìbéèrè ọmọ, ẹ fi sílẹ̀ fún àgbà.

* * *

Mo ti ka àwọn èsì tó wọlé. Èyí tó pọ̀ jù ń sọ pé ọmọ ayé òde òní, tí wọn ò bá bẹ̀rù, wọ́n á bàjẹ́, àti pé Bíbélì àti Kùránì fúnra wọn ò fi ọ̀rọ̀ iná pa mọ́. Àwọn díẹ̀ gbè sẹ́yìn tíṣà.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé láti Àgègé, ẹ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ kà ní kékeré, kò sì ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ tún èsì yín kà. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé màmá yín ló ń kà á fún yín lálaalẹ́, tí ẹ sì ń sùn ti wọ́n lórí ẹní. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà pẹ̀lú ìwé náà nínú òkùnkùn, ṣé ohun kan náà lẹ máa sọ?

Ti tíṣà wá ńkọ́? Ìwé ìtàn dára, kí ọmọ máa kà á lákàtúnkà. Àmọ́ ọmọ Èkó ò lè dúró dìgbà tó bá dàgbà kó tó gbọ́ nípa Ọlọ́run. Gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́tùn-ún, ti mọ́ṣáláṣí wà lósì, oníwàásù ń bẹ nínú bọ́ọ̀sì, ìwé ìléwọ́ tí wọ́n ń há fún èrò ń bẹ nílẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gba. Ó ti ń gbọ́ ọ tipẹ́. Bí àwọn òbí rẹ̀ bá wá dákẹ́, ọ̀rọ̀ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ló máa gbà.

* * *

Sí ẹni tó ní òun máa ń ní kí ọmọ òun da Sáàmù 119 kọ bó bá ṣàìgbọràn: ẹsẹ 176 ló wà nínú Sáàmù yẹn, òun ló gùn jù nínú gbogbo Sáàmù. Ìfẹ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló fi ń kọrin láti òkè délẹ̀. Ẹ̀yin ẹ wá fi ṣe ìyà. Ọmọ náà á mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, á sì kórìíra rẹ̀ títí di ọjọ́ ogbó. Bí ẹ bá fẹ́ fìyà jẹ ẹ́, kó lọ fọ abọ́, kó gbá àgbàlá. Ohun kan náà ni mo máa sọ fún ẹni tó ń fi pàṣán kọ́ ọmọ ní ilé kéwú.

* * *

Ọ̀rọ̀ Fágúnwà tí ẹnìkan gbé wọlé gba àlàyé. Bọ̀ọ̀dá yìí ní òun kó ìwé Fágúnwà jáde nílé torí iwin àti ẹbọra inú rẹ̀, pé kò yẹ ilé onígbàgbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibi tí ìwé náà ti wá. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ló gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde ní 1938. Tíṣà ni Fágúnwà, onígbàgbọ́ ni, orúkọ Ọlọ́run kì í sì í jìnnà sí ẹnu àwọn èèyàn inú ìtàn rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀ ni David Hinderer, míṣọ́nnárì tó gbé ní Ìbàdàn láyé ijọ́un, ti túmọ̀ ìtàn ìrìn-àjò onígbàgbọ́ tí John Bunyan kọ ní 1678 sí Yorùbá. Òmìrán wà nínú ìyẹn náà, ẹ̀dá abàmì onípẹ́ bí ẹja, tí èéfín ń jáde nínú ikùn rẹ̀, wà níbẹ̀, àwọn baba ìjọ wa sì kà á láìsí wàhálà. Pé ẹ̀dá abàmì wà nínú ìtàn ò ba ìtàn jẹ́. Ẹ wò ó bóyá ẹni inú ìtàn ń dojú kọ ọ́, bóyá ó ní olùrànlọ́wọ́, bóyá ọ̀nà àbájáde wà. Inú ìwé tí wọ́n rà fún ọmọ Kẹ́tu yẹn, bí ìyá rẹ̀ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ọmọ kàn ń wo ìparun ni, kò rí ibi tó máa sá sí.

Èmi ò ní ka Fágúnwà fún ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣá. Yorùbá inú rẹ̀ jinlẹ̀. Tó bá tó ọmọ ọdún mẹ́wàá sókè, kí àgbà tó mọ̀ ọ́n kà dáadáa jókòó tì í, kó kà á kí gbogbo ilé gbọ́.

* * *

Ìyá kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó bi mí pé: "Mùsùlùmí ni ọkọ mi, Kìrìsìtẹ́nì ni mí, ìwé wo la máa kà tí ìjà ò ní bẹ́ sílẹ̀?" Màmá, ìbéèrè yín ló wù mí jù láti dáhùn, torí ilé irú yín ló pọ̀ ní Èkó.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ Mùsùlùmí. Ilé wọn ò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, èyí tí wọ́n ṣí ní 1894. Bí àwọn ọmọ wa bá kóra jọ lásìkò ìsinmi, ìtàn Jósẹ́fù la máa ń kà. Ó wà nínú Jẹ́nẹ́sísì láti orí 37 dé 50. Ó wà nínú Kùránì, Súrà 12, tó ní ẹsẹ 111, tó jẹ́ pé ìtàn Yúsúfù ló gba Súrà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á ka ìtumọ̀ tiwọn ní Yorùbá, ọmọ tèmi á ka Bíbélì, a ó sì máa tẹ̀ lé ẹ̀wù Jósẹ́fù láti ibì kan dé ibòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù yìí ló máa ń mú àwọn ọmọ. Nínú Bíbélì, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ẹ̀wù náà bọ ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́, Jékọ́bù gbà wọ́n gbọ́, ó fa aṣọ ara rẹ̀ ya. Nínú Kùránì, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀tàn wà lára ẹ̀wù, ṣùgbọ́n Yàkúbù ò gbà wọ́n gbọ́, sùúrù ló fi gbà á. Nínú Bíbélì, aṣọ tí Jósẹ́fù fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó Pọ́tífárì ni obìnrin náà fi purọ́ mọ́ ọn. Nínú Kùránì, ẹ̀yìn ni ẹ̀wù ti ya, ìyẹn ló sì fi hàn pé sísá ló ń sá. Lápá ìparí ìtàn náà nínú Kùránì, wọ́n gbé ẹ̀wù Yúsúfù lé ojú bàbá rẹ̀, ojú tó ti fọ́ sì là. Àwọn ọmọ a máa jiyàn lórí èyí bí àwọn lọ́yà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó sùn ti ìwé.

Òfin kan ṣoṣo la ṣe: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé "tiwa lòótọ́, tiyín kọ́" nígbà tí a bá ń kàwé lọ́wọ́. Bí ọmọ bá fẹ́ mọ èyí tó jóòótọ́, kó lọ bi bàbá àti ìyá rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin béèrè pé kí ló dé tí bàbá náà fi fẹ́ràn ọmọ kan ju àwọn yòókù lọ, ṣé bàbá náà tiẹ̀ wá bẹ àwọn ọmọ tó kù? Ilé náà pa rọ́rọ́. Àwọn bàbá wà níjòókòó, àwọn olórogún náà wà níbẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló dáhùn, ó ní kò sí níbẹ̀ pé ó bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ó yẹ kí bàbá máa ṣọ́ra fún irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e láàárín àwọn àgbà lálẹ́ ọjọ́ náà, ìwàásù kankan kì bá tí gbé e jáde.

Ẹnìkan fèsì fún mi pé irú kíkà báyìí máa da ọmọ lọ́kàn rú. Rárá o. Ọmọ tó ń jẹ ẹran Iléyá nílé bàbá àgbà, tó ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì nílé ìyá àgbà, ti mọ̀ pé ọ̀nà méjì wà nínú ẹbí òun. Bí àgbà ò bá bá a sọ ọ́, ọmọ á fura pé ohun ìtìjú ni.

Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó kúrú, ẹ wo Hádíìsì ogójì tí Imam Nawawi kó jọ. Ogójì ni wọ́n ń pè é, 42 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan lójúmọ́ tó fún ọmọdé. Ní apá tiwa, ìtàn Rúùtù ò ju orí mẹ́rin lọ.

* * *

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ti àgbà.

Ní alẹ́ àìsùn ọdún tuntun, ìwé àṣàrò ojoojúmọ́ máa ń tà wàràwàrà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣómólú ni wọ́n ti ń tẹ púpọ̀ nínú àwọn ìwé kékeré bẹ́ẹ̀, ti ìjọ, ti ẹgbẹ́ aláàdúrà, ti àwọn Àáfà. Ọwọ́ àwọn atẹ̀wé yẹn yá. Bó bá fi máa di oṣù Kẹta, eruku ti bo ìwé náà mọ́lẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Àwọn mìíràn fi tiwọn sábẹ́ ìrọ̀rí bí ẹni fi ońdè sí i. Ìwé àdúrà tí a kò ṣí ò lè gbani nímọ̀ràn.

Ẹni tó bá ti pẹ́ tó kàwé kẹ́yìn, ẹ má fi ìwé ńlá bẹ̀rẹ̀. Orí 31 ló wà nínú ìwé Òwe, orí kan lójúmọ́ títí oṣù á fi parí. Bí ẹ bá pàdánù ọjọ́ kan, ẹ ka ti òní, ẹ má sáré san gbèsè.

Nípa ìwé ìwúrí, àwọn tó ń kọ́ni bí èèyàn ṣe lè là, ẹnu ò kò. Apá kan ní ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀. Apá kejì ní òun ló gbé àwọn dìde nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo gba apá kejì gbọ́, mo ti rí i. Síbẹ̀, mo ní ohun tí mo máa ń wò kí n tó sanwó. Ṣé òǹkọ̀wé sọ ohun tó ṣe lọ́jọ́ tí kò ní kọ́bọ̀? Ṣé ó ní kí n ṣe nǹkan tí mo lè ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí kò sì sọ owó mi sí àpò rẹ̀? Bó bá jẹ́ pé "fi irúgbìn ránṣẹ́" ló ń tún sọ ṣáá, mo dá a padà sórí tábìlì.

Mo mọ obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Tejúoṣó tí kò mọ ìwé kà. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ka ojú ìwé kan fún un láàárọ̀ kí oníbàárà tó dé, obìnrin náà á sì sọ ibi tí òǹkọ̀wé ti purọ́ nípa ọjà. "Ẹni yìí ò tajà rí," báyìí ló máa ń wí. Mi ò rí ẹni tó ń kàwé jù ú lọ.

Ìyá ọmọ, èyí tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù yín, ẹ mú ẹyọ kan, ẹ fún àwọn èèyàn ní ìyókù. Ẹ ka ẹyọ kan náà sókè fún bàbá ọmọ.

* * *

Àwọn kan ń bèèrè èdè tó yẹ ká fi kà á. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2018 ní kí wọ́n máa kọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ò lè ka ìpínrọ̀ kan já. Ẹ ka Gẹ̀ẹ́sì bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ ní, kí ẹ wá fi Yorùbá jíròrò rẹ̀. Ẹ má fi Bíbélì àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá kíkà: àkọtọ́ rẹ̀ ti wà ṣáájú èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, ọmọ á máa kọsẹ̀ níbi tí kò ti jẹ̀bi. Bíbélì Yorùbá òde òní wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ẹ bá ń wá ìtàn ìwúrí tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, ẹ sọ ti Àjàyí Crowther fún wọn. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó níbí, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà ní 1822, ó di Freetown. Ní 1846, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Ó ti tú ìwé Róòmù sí Yorùbá, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1850. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884. Èkó yìí náà ló kú sí ní 1891.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í béèrè nípa bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n máa ń béèrè pé kí ló dé tí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n kó o, àti pé àwọn ọmọ tí ọkọ̀ wọn ò rí ẹni gbà á ńkọ́? Mo máa ń sọ fún wọn pé ìbéèrè yẹn tọ́, pé àwọn inú Bíbélì náà bi Ọlọ́run bẹ́ẹ̀, a ó sì ṣí Sáàmù tí Dáfídì ti ń bi í léèrè.

* * *

Àwọn kan ní àwọn ò ní àkókò. Mo gbọ́. Ẹni tó ń kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń dá dúró lórí afárá Third Mainland lálẹ́, ibo ló ti fẹ́ rí ayè? Ẹ lo alẹ́ Sátidé tí ẹ ń dirun fún àwọn ọmọbìnrin. Orí wà lọ́wọ́ yín, wọn ò lè sá lọ. Kí ọmọkùnrin kà á sókè fún gbogbo yín. Ìdajì wákàtí tó.

* * *

Ìyá ọmọ láti Kẹ́tu tún kọ̀wé, ó ní ìyá àgbà ti gbọ́, inú wọn ò dùn, wọ́n ní wọ́n ti sọ ẹ̀bùn àwọn di ẹ̀gbin.

Ẹ lọ bá wọn nílé, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dúpẹ́ ìwé náà. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ ń fẹ́ ohùn wọn, kì í ṣe ìwé nìkan. Kí wọ́n wá sọ fún un bí Ọlọ́run ṣe gbà wọ́n nígbà kan tí ẹ̀rù bà wọ́n gidi. Àgbà tó ti la ọ̀pọ̀ ọdún kọjá ní Èkó ò ní ṣàì ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Kí bàbá ọmọ wà níbẹ̀ kó gbọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n jọ ka ìtàn Sámúẹ́lì kékeré tí Olúwa pè lóru, torí ọmọ inú ìtàn yẹn dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sáré lọ bá àgbà, Élì ò sì lé e padà pẹ̀lú ìbínú.

Bí oṣù kan bá kọjá tí kò tíì sùn dáadáa, ẹ mú un lọ rí dókítà ọmọdé. Ẹ ṣàlàyé ìwé náà fún dókítà, ẹ má fi pa mọ́ torí ìtìjú.